Ojú Ìwé Tí Ràhmát Fò

Bí ènìyàn bá wọ mọ́ṣáláṣí àwọn Yorùbá tó wà ní apá gúúsù Chicago lọ́jọ́ Jímọ̀, tó sì wo ẹ̀yìn níbi tí àwọn obìnrin ń tò sí, yóò rí obìnrin kúkúrú kan tó ń fi ọwọ́ ti èjìká àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè sún mọ́ra. Kàfáyàtù Ọmọ́yẹlé nìyẹn, Ìyá Àdínì. Kò fẹ́ràn àlàfo nínú ìlà ìkírun rárá. Ó ní Ṣàítánì kò wá ibòmíràn dúró sí ju ibi tí èjìká méjì kò ti kan ara wọn lọ. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á sún. Ta ni yóò bá Ìyá Àdínì jiyàn?

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, opó ni pẹ̀lú. Ilé bíríkì kékeré tí òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ jọ rà ní Chatham ló ń gbé. Láti Mọ́ńdè dé Tọ́sìdeè, á wọ reluwé láti ìsàlẹ̀ ìlú dé òkè pátápátá, á sọ̀ kalẹ̀, á tún wọ òmíràn, títí yóò fi dé Evanston, níbi tó ti ń tọ́jú arúgbó kan. Ẹni tó ń ti èjìká èèyàn lọ́jọ́ Jímọ̀ ló ń ti kẹ̀kẹ́ arúgbó lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Iṣẹ́ ni, iṣẹ́ kò sì ní ìtìjú nínú.

Augustine ni orúkọ arúgbó náà, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni. Ó ti fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nípa àwọn onígbàgbọ́ ayé àtijọ́, àwọn tó kọ́kọ́ gba Jésù gbọ́: bí wọ́n ṣe ń kàwé, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, àti ohun tí wọ́n rò pé ó ń gbé inú èèyàn tó ń pe ara rẹ̀ ní èmi. Ìwé kún ilé rẹ̀ láti pálọ̀ dé ilé ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ. Bí ó bá wo ìwé, etí ìwé nìkan ló ń rí, àárín a di èéfín. Oúnjẹ àti oògùn ni wọ́n gba Kàfáyàtù fún, àfi ọjọ́ kan tó ka lẹ́tà àwọn ilé iṣẹ́ iná fún un. Bàbá ní kó tún un kà. Ó ní obìnrin yìí ní ohùn ìwé. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, á jókòó ti fèrèsé, á sì kàwé fún un fún wákàtí méjì.

Kàfáyàtù sọ fún un pé kò yani lẹ́nu, nítorí ilé-kéwú ni òun ti dàgbà ní Ìwó, níbi tí ọmọ kì í ti í kàwé láì jẹ́ kí àdúgbò gbọ́. Inú arúgbó dùn sí èyí ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn èèyàn òun náà ń ṣe láyé ìgbà yẹn. Ohùn ni wọ́n fi ń kàwé. Ẹni tó bá pa ẹnu dé, tó ń fi ojú nìkan kà á, wọ́n á dúró máa wò ó bí ẹni tó ń dá oúnjẹ jẹ níwájú àlejò.

Ṣùgbọ́n ohun tó wọ Kàfáyàtù lára jù ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó sá kúrò nílùú lọ gbé inú aṣálẹ̀ Íjíbítì. Pròfẹ́sọ̀ ní ọ̀kan nínú wọn máa ń gba àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ níyànjú pé kí oníkálukú kọ ohun tó ṣe àti ohun tó rò sílẹ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ fi han àwọn ará. Èèyàn kì í hu ìwà ìbàjẹ́ níṣojú èèyàn. Bí ìwé bá wà níbẹ̀, ìwé á dípò ojú àwọn ará, ìtìjú rẹ̀ á sì tún ọkàn ṣe. Ó ní àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa pe ọkàn ní wàláà tí a ń kọ nǹkan sí. Kàfáyàtù ní nílé-kéwú tàwọn o, ọmọ gbọ́dọ̀ fọ wàláà kó tó kọ ẹ̀kọ́ tuntun sí i. Arúgbó bi í pé tirẹ̀ ńkọ́, ìgbà wo ló fọ̀ ọ́ kẹ́yìn?

Kàfáyàtù dìde lọ gbé tíì kaná.

Ọdún mẹ́ta ni wàláà rẹ̀ ti dọ̀tí. Nígbà òtútù ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan yọ̀ lórí yìnyín ní òpópónà Dan Ryan, ó sì gba ẹ̀mí Daud àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Kàfáyàtù dìde, ó ṣe àlùwàlá, ó sì kírun. Gbogbo ilé ń wò ó, wọ́n ń fi omijé yìn ín. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé nígbà tó forí kanlẹ̀, kò bá ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń kà, ọkàn rẹ̀ kò sí nílé. Ó rò pé tó bá di ogójì ọjọ́, ọkàn yóò padà. Ogójì ọjọ́ pé. Ọdún pé. Ọkàn kò padà, ìrun kò sì dúró, nítorí Ìyá Àdínì ni.

Ìdúró àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Fàdìlàt, ọmọbìnrin rẹ̀ tó kù, fi di ẹ̀sìn mú. Apòògùn ni Fàdìlàt, Olympia Fields ló ń gbé, ibẹ̀ sì ti sọ ọ́ di ẹni tí kì í kírun ju ọjọ́ ọdún méjèèjì lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú. Lọ́jọ́ kẹjọ òkú, ó wá kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀.

“Mummy,” ó ní, “if not for bí ẹ ṣe dìde kírun that morning, I would have thrown everything away. Ẹ̀yin ni mo ń wò. I'm standing on you.”

Kí ni ìyá yóò sọ? Ó gbá a mọ́ra. Láti ìgbà náà ni Kàfáyàtù ti di ẹlẹ́wọ̀n ìrun ara rẹ̀, torí bí òun bá jókòó, ọmọ yóò ṣubú.

Nítorí náà ló ṣe ra ìwé kékeré aláwọ̀ ewé kan ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ibùdó reluwé, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí àgbà inú aṣálẹ̀ wí. Ẹ má bi mí bí ìmọ̀ràn onígbàgbọ́ ṣe wọ etí Ìyá Àdínì. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í bèèrè ẹ̀sìn ẹni tó na igi sí i. Ó ń kọ ọ́ ní Yorùbá, ṣùgbọ́n lẹ́tà kéwú ló fi ń kọ ọ́, bí Àáfáà Abdulmumin ṣe kọ́ wọn ní Ìwó. Àáfáà yìí ní àmì tirẹ̀ tó máa ń tò sórí lẹ́tà kó lè rí ọ̀nà kọ àwọn ìró Yorùbá tí kò sí nínú Lárúbáwá. Ẹni tí kò bá jókòó lórí ẹní rẹ̀ kò lè kà á, ìbáà ṣe Mẹ́kà ló ti wá. Kàfáyàtù ka ara rẹ̀ sí ẹni tó ti ti ìlẹ̀kùn, tó sì tún fi igi dábùú rẹ̀.

Kò gbé ìwé náà lọ sí Chatham. Gbogbo Sátidé ni Fàdìlàt ń wá síbẹ̀, kò sì sí dúrọ́ọ̀ tí kì í tú, ó ń wá oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Dúrọ́ọ̀ abẹ́ àtùpà nílé pròfẹ́sọ̀ ni ìwé ń gbé. Níbẹ̀ ló ti ń kọ ọ́ bí arúgbó bá sun oorun ọ̀sán. Bí ó bá jí, á bi í ní ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́: ṣé ó ti fi han àwọn ará lónìí? Á ní òun ti fi hàn. Kò sì wọ inú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà pé bí Ọlọ́run kò tilẹ̀ padà, ara fúyẹ́ díẹ̀ fún obìnrin náà lọ́dún yẹn.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kan, arúgbó fi ọwọ́ pa ojú ìwé náà, ó bèèrè irú lẹ́tà tó wà níbẹ̀. Ìgbéraga ilé-kéwú gbé Kàfáyàtù lọ. Ó ròyìn Àáfáà àti àmì rẹ̀. Ó ní nínú gbogbo Chicago, èèyàn méjì péré ló lè kà á, òun àti Ràhmát Ọbádáre, ọ̀rẹ́ òun, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní mọ́ṣáláṣí. Arúgbó ní ṣé yóò ka ojú ewé kan fún òun bó bá yá? Kàfáyàtù rẹ́rìn-ín, ó ní, “Lọ́jọ́ kan, Prof.”

Yorùbá tó bá gbọ́ ìdáhùn yẹn ti mọ̀ pé ó ti kọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ̀ fún àgbà láì fi ẹnu kọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà ni pròfẹ́sọ̀, ó sì gbà á bí èèyàn ṣe ń gba ìlérí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ràhmát. Wàláà kan ni òun àti Kàfáyàtù jọ lò ní Ìwó, nítorí àwọn ọmọbìnrin kò pọ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá fọ̀ ọ́, èkejì á gbé e sínú oòrùn. Ràhmát gba dìgírì ní Ìlọrin kó tó wá bá Kàfáyàtù ní Chicago, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan láàárín ìlú ni dìgírì náà mọ. Ọmọlúàbí èèyàn ni, ẹ̀rín rẹ̀ kò jìnnà. Ohun kan sì wà tí Kàfáyàtù kò ní gbàgbé láéláé. Nígbà tí Daud kú, gbogbo ayé yí orúkọ pa dà fún un lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìyá Daud di Ìyá Fàdìlàt, bí ẹni pé ọmọ kan kò wá sáyé rí. Ràhmát nìkan ni kò yí i. Bó bá ti rí i, á ní, “Ìyá Daud, ẹ ǹlẹ́ o,” Kàfáyàtù á sì mí kanlẹ̀.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè kan nínú oṣù Ẹ̀bìbì ni àpò ìwé dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé. Inú pròfẹ́sọ̀ ń dùn bíi ti ọmọdé. Ó ní ìwé òun tó kẹ́yìn láyé nìyẹn, ó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n òun fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àwọn tó ṣáájú lọ, ohùn Kàfáyàtù ni òun sì fẹ́ fi kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní kó fo àwọn orí tó ṣáájú, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹrin. Ó ní ẹ̀bùn wà níbẹ̀ fún un.

Kàfáyàtù nu dígí ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Orí kẹrin sọ nípa àgbà inú aṣálẹ̀ àti ìmọ̀ràn rẹ̀, gbogbo èyí tó ti mọ̀. Ó wá ní ìmọ̀ràn náà kò tíì kú, pé obìnrin mùsùlùmí kan láti ilẹ̀ Áfíríkà, olórí àwọn obìnrin tó ń kírun ní ìlú yìí, ti ń ṣe é, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì nìyí. Kàfáyàtù ń fi ohùn rere ka èdè Òyìnbó náà lọ pé nígbà tí mo forí kanlẹ̀, mi ò bá ẹnì kankan níbẹ̀, ẹnu mi ń kà, ọkàn mi kò sí nílé. Ó ti ka gbólóhùn mẹ́ta kó tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ohùn rẹ̀ dúró. Kò ju ìwé náà sílẹ̀, ó pa ẹnu dé, ó sì ń fi ojú kà á lọ, ewé kan tẹ̀lé òmíràn. Ojú ewé mọ́kànlá ni. Ààwẹ̀ tó gbà láì gbàdúrà kan wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó ti èjìká àwọn obìnrin tó sì ń bínú sí wọn nítorí pé wọ́n gbà á gbọ́ wà níbẹ̀. Ti ọmọbìnrin rẹ̀ tó dúró lé e lórí wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Arúgbó ní òun kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

“Prof,” Kàfáyàtù ní, “ta ló fún yín?”

Ó ṣàlàyé, ẹ̀rín kò sì tíì kúrò lójú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ya fọ́tò ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ní òpin ọ̀sẹ̀ tí Kàfáyàtù kì í sí níbẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ Kàfáyàtù tó lè túmọ̀ rẹ̀. Ó ní òun kò dárúkọ rẹ̀. Ó ní òun rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ṣebí Kàfáyàtù fúnra rẹ̀ ló ní lọ́jọ́ kan, ṣebí kí àwọn ará lè rí i ni èèyàn fi ń kọ ọ́. Kàfáyàtù sọ fún un jẹ́jẹ́ pé “bí ẹni pé” àwọn ará yóò rí i ni àgbà inú aṣálẹ̀ wí. Kò ní kí wọ́n lọ yọ ọ́ nínú dúrọ́ọ̀.

Ẹ̀rín kúrò lójú arúgbó. Ó ní kó má bínú. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá ọwọ́ rẹ̀ nínú èéfín ojú rẹ̀. Inú ń bí Kàfáyàtù, ṣùgbọ́n ó fún un ní oògùn aago mẹ́ta, ó fi omi sí ìtòsí rẹ̀, ó pe ọmọ arúgbó náà lórí fóònù pé kó wá rọ́pò òun, ó sì dúró títí ó fi dé. Ó yọ ìwé aláwọ̀ ewé nínú dúrọ́ọ̀, ó mú ẹ̀dà ìwé tuntun kan, ó wọ búùtù rẹ̀. Kò padà sí ilé náà mọ́.

Inú reluwé ló ti ṣí ìwé méjèèjì sórí itan. Orúkọ Ràhmát wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́ orí náà, pẹ̀lú oyè olùtumọ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló kúkú ń gbé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi tirẹ̀ wé ti èdè Òyìnbó, ojú ewé sí ojú ewé. Ó pé, kò sí ohun tó yẹ̀. Àfi ẹyọ kan. Èyí tó kọ ní ọjọ́ tí òjò rọ̀ ṣáájú ààwẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ràhmát fò ó.

Fóònù rẹ̀ dún. Nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí lórí Wọ́sáàpù, Ràhmát ti gbé àwòrán ìwé náà síbẹ̀ láti àárọ̀, ó fi ìka sí ibi tí orúkọ rẹ̀ wà. Ogójì èèyàn ló ti kí i. Fàdìlàt wà lára wọn. Ó kọ ọ́ pé, “Congrats Auntie!!! Just ordered mine, it comes tomorrow.”

Ìgbà náà ni Kàfáyàtù mọ iye ọjọ́ tó kù fún òun. Kéwú ti Àáfáà kì bá tí jẹ́ kí Fàdìlàt mọ nǹkan kan láéláé, ṣùgbọ́n Òyìnbó ni èdè Fàdìlàt. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Rogers Park, níbi tí Ràhmát ń gbé. Ràhmát ṣílẹ̀kùn, ó rí ìwé aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sọ “Ìyá Daud, ẹ ǹlẹ́ o.” Ó kàn yà lọ́nà. Wọ́n jókòó, tábìlì oúnjẹ wà láàárín wọn. Kàfáyàtù bi í bóyá ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ni nígbà tí fọ́tò náà dé.

“Láti lẹ́tà àkọ́kọ́,” Ràhmát ní.

“O sì túmọ̀ rẹ̀.”

Ràhmát ní wọ́n sọ nínú email pé wọ́n ti gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ó tún ọ̀rọ̀ mú, ojú rẹ̀ wà lórí tábìlì.

“Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ní hotel yẹn, Kàfá. Nobody in this country knows I can read. Wọ́n kọ̀wé sí mi, wọ́n ní ‘Dear Ms. Ọbádáre’, wọ́n ní scholar ni mí. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e sórí firiji.”

“Kí ló dé tí o ò pè mí?”

“Tí mo bá pè ọ́, wàá ní kí n má ṣe é.”

Kàfáyàtù mọ̀ pé òtítọ́ ni, òtítọ́ náà sì dùn ún ju irọ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe ni, èèyàn á fi jini. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n wò, ó fi òun sí apá kan, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí apá kejì, orúkọ ló sì tẹ̀wọ̀n jù. Ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé ọjọ́ òjò, ó tì í kọjá orí tábìlì.

“O fo èyí.”

“Mi ò lè tú u.”

“Kà á.”

Ràhmát ní kó jọ̀ọ́. Kàfáyàtù fi ìka lé ojú ewé náà. Ràhmát wá fa ìwé náà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pẹ̀lú ohùn ilé-kéwú, ara rẹ̀ sì ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ara ọmọdé ṣe ń mì lórí ẹní Àáfáà:

“Bó bá di dandan kí n sọ ọ́ fún ẹnì kan láyé, kì í ṣe Fàdìlàt. Ọmọ mi ni, ṣùgbọ́n mi ò fọkàn tán an tó bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kéré. Ràhmát ni màá sọ ọ́ fún. Òun nìkan ló ṣì ń pè mí ní Ìyá Daud. Ohun tó bá wọ etí Ràhmát, ó ti wọ ibojì.”

Kò lè ka gbólóhùn tó kù. Ó ń sunkún, ó ń sọ pé kí Kàfá foríjì òun. Kàfáyàtù bi í ní ohun kan péré: ṣé kó tó túmọ̀ àwọn ojú ewé tó ṣẹ́ kù ló ka èyí, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ràhmát ní kó tó túmọ̀ wọn ni. Kàfáyàtù gba ìwé rẹ̀, ó jáde. Ó sunkún nínú reluwé láti ibẹ̀ dé Chatham, kò sì bo ojú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, kò lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àwọn obìnrin pè é títí, kò gbé e. Mo gbọ́ pé àyè rẹ̀ ṣófo nínú ìlà lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó jẹ́ sún sí i.

Àárọ̀ Sátidé ni Fàdìlàt dé. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ bí àwọn ọmọ tó dàgbà ní Amẹ́ríkà ṣe ń kúnlẹ̀, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti wàrà sí kíṣìnnì, ó sì yọ ìwé nínú báàgì. Ó ti kà á tán.

“Mummy, ẹ ti ka book Auntie Rahmat? Obìnrin kan wà in chapter four. Three years, she's been faking it níwájú àwọn ọmọ ẹ̀. Mo kọ́kọ́ sunkún. Then I got so angry.”

“Kí ló bí ọ nínú?”

“Because somebody is standing on that woman. Bí mo ṣe dúró lé ẹ̀yin. And she knows. She just lets them stand there.”

Kàfáyàtù lè dákẹ́. Ọmọ yìí ti ka ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì dá a mọ̀. Bí ó bá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú àwo báyìí, tó bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí, ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ohun tí Ràhmát ti fi fún gbogbo ayé, kò fẹ́ kó jẹ́ ọ̀dọ̀ Ràhmát ni ọmọ tirẹ̀ yóò ti gbà á.

“Fàdìlàt,” ó ní, “èmi ni obìnrin náà.”

Fàdìlàt rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú ìyá rẹ̀, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó lọ dúró ní fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó wá bèèrè pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ńkọ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì ikú Daud? Ìyá rẹ̀ ní kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Fàdìlàt ní ṣé títí di òní? Ó ní títí di òní.

“Everybody has read it,” Fàdìlàt ní, ohùn rẹ̀ sì ti yí pa dà. “Mo kà á like a stranger. I paid for it. Ṣé ẹnu Auntie Rahmat ni mo máa ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá mi? Ẹ sọ ọ́ fún mi fúnra yín. Not her English.”

Kàfáyàtù mú ìwé aláwọ̀ ewé wá. Wọ́n jókòó sórí ẹní ìkírun, nítorí pé ibẹ̀ ló tẹ́ sí, ó sì ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń fi ohùn kà á, bí Àáfáà ṣe kọ́ ọ. Fàdìlàt kò mọ lẹ́tà kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá ìyá rẹ̀, ó sì ń tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ọkàn kò sí nílé, Fàdìlàt kọ́kọ́ sún sẹ́yìn. Nígbà tó dé ti èjìká àwọn obìnrin, ó sún padà. Díẹ̀díẹ̀, èjìká wọn kan ara wọn. Ó ní kí ìyá òun má fo nǹkan kan, kó ka gbogbo rẹ̀, òun ti kúrò lọ́mọdé, ohun tí òun kò lè gbà ni kí wọ́n tún fi nǹkan pamọ́ fún òun. Kàfáyàtù ní ó dáa.

Ó ṣí ewé, ó bá ara rẹ̀ ní ọjọ́ òjò. Kì í ṣe Fàdìlàt. Ọmọ mi ni, ṣùgbọ́n. Lẹ́tà náà dúdú kirikiri, ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni. Ohùn Ràhmát dún sí i létí pé mi ò lè tú u. Kò tíì dárí jì í, kò sì mọ̀ bóyá òun yóò dárí jì í láé.

Fàdìlàt ní kí ló dé tí ìyá òun fi dúró?

“Ojú ń ṣe mí ní bàìbàì,” Kàfáyàtù ní. Ó ṣí ewé méjì pọ̀, ó sì ń kà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, orí Fàdìlàt sì wà léjìká rẹ̀ níbi tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.